Sún-Sẹ́yìn-Díẹ̀ àti Lẹ́ǹsì Gígùn Rẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ olóògbé onífọ́tò tí a ń pè ní Sún-Sẹ́yìn-Díẹ̀ ládùúgbò wa, ìtàn ọkọ̀ akẹ́rù ló máa ń ṣáájú. Ọ̀gá ilé-ìwé kan tó fẹ́ fẹ̀yìn tì ló wá ya fọ́tò lọ́jọ́ náà, èyí tí wọn yóò gbé kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì tó ń fi sílẹ̀. Ó wọ kóòtù, ó de táì, ó jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò. Ṣùgbọ́n onífọ́tò fúnra rẹ̀ kò sí nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó wà ní òdìkejì títì, nínú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ó gbé kámẹ́rà lé orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó sì ń pariwo láti ibẹ̀ pé kí ọ̀gá jọ̀ọ́ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ọ̀gá gbé àgbọ̀n sókè. Ìyá kan tó ń kọjá lọ gbé tirẹ̀ náà sókè. Ọkùnrin kan tó ru àpò sìmẹ́ǹtì gbìyànjú ẹ̀, díẹ̀ ló kù kí àpò já lu ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ọkọ̀ akẹ́rù kan fi wọlé sójú títì tóóró náà, tó sì dúró gbọnin láàárín kámẹ́rà àti ọ̀gá ilé-ìwé. Onífọ́tò bẹ dírẹ́bà pé kó sún síwájú. Dírẹ́bà ní òun ò lè sún, wọ́n ti ń já ẹrù lẹ́yìn ọkọ̀ òun, ẹni tó bá ń kánjú, kó gba ojú ọ̀run kọjá. Káfíńtà dá sí i, ó ní ṣebí ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò ló wà lọ́hùn-ún yẹn, kí ló dé tí kò kúkú sọdá lọ ya ọkùnrin náà nínú ilé bí gbogbo onífọ́tò ayé ṣe ń ṣe. Sún-Sẹ́yìn-Díẹ̀ wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó fi ẹsẹ̀ bu omi mu.

Ó yí ọkọ̀ náà po, ó yọjú wo iwájú rẹ̀, ó sì padà wá. Ó ní kí dírẹ́bà yí gíláàsì ọ̀tún àti ti òsì wálẹ̀. Ó gun orí tábìlì iṣẹ́ káfíńtà tòun ti kámẹ́rà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀gá ilé-ìwé láti ojú fèrèsé kan gba ojú fèrèsé kejì. Dírẹ́bà jókòó sáàárín, kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Ó béèrè ẹni tí wọ́n ń yà gan-an.

"Ọ̀gá tó wà lọ́hùn-ún ni," onífọ́tò dá a lóhùn.

"Èmi wá ńkọ́?"

"Ìwọ fẹ̀yìn tì, má sì mí."

Fọ́tò náà ṣì wà lára ògiri ilé-ìwé dòní. Ọ̀gá jókòó pẹ̀lú ọlá, ojú rẹ̀ tutù, àgbọ̀n rẹ̀ wà níbi tó yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n ohun dúdú kékeré kan yọ sí igun ìsàlẹ̀ fọ́tò náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọ ọ́fíìsì náà máa ń rò pé òkè kan ló wà lọ́ọ̀ọ́kán. Góńgó imú dírẹ́bà ni.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí nìkan lè ní orí ọkùnrin náà ò pé. Orí rẹ̀ pé. Ohun kan ṣoṣo ló ṣe é, ohun náà sì ni ìyá ìyàwó rẹ̀.

Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, lẹ́ǹsì kan péré ló ní, ìyẹn gíláàsì róbótó tó jẹ́ ẹyinjú kámẹ́rà. Kúkúrú ni lẹ́ǹsì yẹn, òun ló bá kámẹ́rà wá láti ọjà. Irú lẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn yàrá, ó máa ń kó àga, ògiri àti aṣọ fèrèsé pọ̀ mọ́ èèyàn. Bí ojú nìkan ni wọ́n bá fẹ́ kó yà, àfi kí onífọ́tò sún mọ́ onítọ̀hún títí yóò fi máa gbọ́ èémí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sún mọ́ ìyá ìyàwó rẹ̀ nígbà tí ìyá wá kí wọn nílé. Ó fọ fọ́tò náà, ó sọ ọ́ di ńlá, ó fi férémù sí i, ó wé e, ó sì dúró di ọjọ́ tí ẹbí pé sí pálọ̀ kó tó gbé e fún un.

Ìyá tú u. Imú tó wà nínú fọ́tò náà gbilẹ̀ láàárín ojú bí àlejò tó jókòó sórí àga baálé ilé. Etí méjèèjì sá sẹ́yìn bí ẹni tójú ń tì. Ìyá béèrè ẹni tó jẹ́. Ọkọ ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá fúnra wọn ni. Ìyá gbé e sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà.

"Rárá o," ló wí. "Imú mi ló ti dé yìí. Èmi ṣì ń bọ̀ lọ́nà."

Ó dojú fọ́tò náà kọ ògiri, ó mú báàgì rẹ̀. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì wà láyé, ọkọ ọmọ òun kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀rọ yẹn sún mọ́ òun mọ́, òun náà ò sì ní sún mọ́ ilé tó bá wà. Onífọ́tò fi fọ́tò náà pamọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, síbẹ̀ ìyá ò wá. Ọdún yí po, kò wá. Ìyàwó onífọ́tò ló ń dá lọ kí ìyá rẹ̀, bó bá sì ti padà dé, kì í bínú. Yóò kàn dúró, yóò máa wo kámẹ́rà tó wà lórí tábìlì bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó jẹ aṣọ ìgbéyàwó. Nígbà tó yá ló là á mọ́lẹ̀ fún ọkọ rẹ̀.

"Ìyá mi ń dàgbà, bàbá àwọn ọmọ. Fọ́tò wọn kan ṣoṣo tó wà láyé ló lé wọn kúrò nílé wa."

Ọkọ rẹ̀ kò wá àwáwí. Ó ní òun yóò tún Màmá yà, ìyá fúnra rẹ̀ ni yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e kọ́.

Ọ̀rọ̀ tí ìyá sọ ló kọ́kọ́ mú lò. Imú ti dé, èèyàn ń bọ̀ lọ́nà: kí ló fà á? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú kan wo àwọn èèyàn. Yóò sún mọ́ ẹni tó tò sí iwájú rẹ̀ ní báńkì, imú fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú, yóò wá máa fà sẹ́yìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Obìnrin kan rò pé ó fẹ́ fẹ́ òun, ọkùnrin kan di àpò ṣòkòtò rẹ̀ mú. Káfíńtà òdìkejì ló fara dà á jù, nítorí ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti ìgbà èwe. Níbi tí onífọ́tò ti ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà ni òye ti là sí i. Ó ní iwájú ojú ni imú ń gbé. Bí a bá sún mọ́ èèyàn jù, imú rẹ̀ á ti wọlé kí etí tó gbéra. Bí a bá fún un láàyè, gbogbo wọn á jọ wọlé pọ̀. Káfíńtà ní òótọ́ ni, ó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jáde.

Nítorí náà, lẹ́ǹsì tí yóò dúró lókèèrè kó sì fa ojú èèyàn mọ́ra ló ń wá. Ó gbé ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn alùpùpù, wọ́n lọ sọ́dọ̀ ọlọ́jà kan tó ń ta kámẹ́rà láàárín ìlú. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kí ìyàwó bá òun yan ọjà. Imú ìyàwó rẹ̀ ló mú dání, torí imú ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Ó ní kí ìyàwó jókòó létí fèrèsé. Ọlọ́jà gbé lẹ́ǹsì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ kúrú bí ìdérí ìgò, kò sì yàtọ̀ sí èyí tó wà nílé. Onífọ́tò wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó dá a padà bí ẹni tó rí ọ̀tá. Èkejì tó ife tíì. Ojú ìyàwó tù ú lára nínú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dán, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ọlọ́jà ní èyí gan-an ni ọ̀pọ̀ onífọ́tò fi ń ya ojú, kò tóbi jù, kò kéré jù, ó sì máa gba inú ṣọ́ọ̀bù dáadáa. Ìyàwó ní ó dára, kí wọ́n máa lọ. Onífọ́tò wò ó títí, ó wo imú, ó wo etí, ó tún wo imú.

"Ó kù díẹ̀," ló wí.

Ìyàwó ní díẹ̀ yẹn ò tó nǹkan. Ọkọ rẹ̀ ní kó má sọ bẹ́ẹ̀, ṣé Màmá yóò gba "ó kù díẹ̀"? Ìyàwó ronú nípa ìyá rẹ̀, ó sì tún ìjókòó ṣe.

Ẹ̀kẹta wà lókè pátápátá, nínú àpótí tó ti kún fún eruku. Ó gùn tó ọwọ́ àgbà láti ìgunpá dé ọrùn ọwọ́. Onífọ́tò gbé e sójú, kò rí nǹkan kan àfi irun ojú. Ó sún sẹ́yìn, ó jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù, ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó dúró sínú oòrùn. Ibẹ̀ ló ti dúró tí kò mira. Imú ìyàwó rẹ̀ jókòó sí ààyè rẹ̀. Etí rẹ̀ méjèèjì jáde wá. Ó ní òun ò mọ̀ pé ìyàwó òun lẹ́wà tó báyìí, ìyàwó rẹ̀ sì bi í léèrè ohun tó ti ń wò láti ọjọ́ yìí wá.

Ọlọ́jà gbìyànjú láti gbà á là. Ó ní lẹ́ǹsì yẹn wà fún àwọn tó ń ya ẹyẹ lórí igi àti eléré ìje lórí pápá. Ó béèrè bí yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ ṣe gùn tó.

"Yàrá kọ́ ni mo fẹ́ yà," onífọ́tò dáhùn.

Alùpùpù ló fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn padà sílé, ọkọ gbé lẹ́ǹsì mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, ìyàwó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n rìn bẹ́ẹ̀ títí dé ìta ilé wọn. Ibẹ̀ ni ìyàwó ti rọra béèrè bóyá, ó kéré tán, lẹ́ǹsì náà ní táyà.

Wàhálà tí ọlọ́jà rí ṣáájú kò pẹ́ dé. Ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò kéré tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí ọkùnrin gíga bá sùn síbẹ̀, orí rẹ̀ á kan ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dènà. Lẹ́ǹsì gígùn kò tilẹ̀ ríran níbẹ̀, bàìbàì ni gbogbo nǹkan. Ẹlòmíì ì bá padà lọ bẹ ọlọ́jà. Onífọ́tò wa ṣílẹ̀kùn, ó sún sẹ́yìn bọ́ sójú títì, ó rí i pé ó ṣì sún mọ́lé jù, ó tún sún sẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kan nǹkan. Tábìlì káfíńtà ni. Ó fi kámẹ́rà wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti ibẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

Káfíńtà sọ fún un pé ṣọ́ọ̀bù òun ló wà yẹn.

"Mo mọ̀," ló dáhùn. "O mọ ibi yàn."

Láti ọjọ́ náà ni káfíńtà ò ti ní ìsinmi mọ́. Bó bá lu ìṣó, kámẹ́rà á gbọ̀n, fọ́tò á bàjẹ́, nítorí náà onífọ́tò á ní kó dáwọ́ dúró. Káfíńtà ní òun ti ń gbọ́ pé wọ́n ń sọ fún ẹni tí wọ́n ń yà pé kó má mira, òun nìkan ni káfíńtà tí wọ́n ń sọ ọ́ fún. Àwọn tó ń kọjá náà kò bọ́. Bí onífọ́tò bá ti kígbe pé kí wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, gbogbo ojú títì ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́, títí kan onílé kan tí a kò rí eyín rẹ̀ rí. Ibẹ̀ sì ni orúkọ rẹ̀ ti wá, torí gbólóhùn tó máa ń sọ kó tó tẹ kámẹ́rà ni: "Ẹ jẹ́ n sún sẹ́yìn díẹ̀."

Nígbà tó ti mọ ọ̀nà lẹ́ǹsì náà dáadáa ló lọ bá ìyá ìyàwó rẹ̀. Kò yọ́ lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní òun wá tọrọ ààyè. Ìyá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, ó ń ran bọ́tìnì mọ́ aṣọ. Kò gbójú sókè. Ó ní ṣebí òun ti sọ pé kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀rọ yẹn sún mọ́ òun.

"Mi ò ní sún mọ́ yín, Màmá," onífọ́tò wí. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ ibi tí n ó dúró sí."

Ìyá ní kó sún sẹ́yìn. Ó sún dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ìyá ní òun ṣì ń rí eyín rẹ̀. Ó sún dé ẹnu géètì. Ìyá ní ṣé ibẹ̀ ló ń pè ní jíjìnnà. Ó sún jáde, ó la ojú ọ̀nà kọjá, ó fi ẹ̀yìn wọ àgbàlá aládùúgbò, ìyá sì ń fi abẹ́rẹ́ júwe fún un pé kó máa lọ, kó máa lọ. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, ó bo ẹnu, kò mọ̀ bóyá kó bẹ̀bẹ̀ tàbí kó sá wọlé. Ọkùnrin náà kò jiyàn, kò kùn. Ó ń fẹ̀yìn rìn bẹ́ẹ̀ títí ó fi wọ àárín aṣọ tútù tí aládùúgbò sá sórí okùn, aṣọ ìbùsùn ńlá kan sì já bò ó lórí, tòun ti kámẹ́rà.

Ó dúró síbẹ̀ bí òkú tó jí. Lẹ́yìn náà ni aṣọ náà gbéra díẹ̀ níwájú, ọrùn lẹ́ǹsì gígùn sì yọ jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí alábahun tó ń yọjú wò bóyá òjò ti dá.

Ìyá tó ti le koko mọ́ ọn láti ọdún tó kọjá kò lè mú un mọ́ra. Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó rẹ́rìn-ín tọkàntọkàn, ejìká rẹ̀ ń mì, ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ pátá. Lábẹ́ aṣọ tútù náà, kámẹ́rà dún.

Ó fọ fọ́tò náà fúnra rẹ̀, ó gbé e fún ìyá láìwé e. Lọ́tẹ̀ yìí kò kó ẹbí jọ. Ìyá wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó fi ìka tọ imú, ó tọ etí, ó tọ ihò kékeré tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, èyí tí kò sẹ́ni tó rántí mọ́ pé ó ní.

"Ẹn-ẹ́n," ló wí. "Mo ti dé."

Ó béèrè òòlù àti ìṣó. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun kàn án. Lọ́sẹ̀ kejì, ó di báàgì rẹ̀, ó wá kí ọmọ rẹ̀ àti ọkọ ọmọ rẹ̀ nílé, ó sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí onífọ́tò fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ káfíńtà bóyá kò yẹ kí òun fi lẹ́ǹsì kúkúrú náà yà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nígbà tí ìyá sùn lẹ́yìn ọdún púpọ̀, fọ́tò ẹ̀rín náà ni wọ́n gbé síwájú pósí. Àwọn tó wá bá wọn ṣọ̀fọ̀ wò ó, ẹkún kò jáde lẹ́nu wọn dáadáa mọ́.

Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, orúnkún Sún-Sẹ́yìn-Díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀tẹ̀. Kò lè sọdá títì mọ́ láìdúró sinmi láàárín, àwọn ọlọ́kọ̀ sì ń fun fèrè mọ́ ọn. Ìyàwó rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kó padà sí lẹ́ǹsì tó tó ife tíì, kó máa jókòó ya èèyàn nínú ilé bí àgbà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì sùn lé e. Nígbà tó jí, ó ní òun ti rí ojútùú. Òun yóò jókòó sí ṣọ́ọ̀bù òun. Àwọn tó fẹ́ ya fọ́tò ni yóò máa sọdá lọ jókòó sọ́dọ̀ káfíńtà.

Wọn ò bi káfíńtà léèrè. Ó kàn rí i tí ọkọ ìyàwó tuntun kan àti aya rẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́ wá, tí wọ́n ń béèrè ibi táwọn ó jókòó sí. Ó kùn, ó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì ó kó pákó kúrò ní igun ibi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ń bọ́ sí. Ó gbá ilẹ̀ rẹ̀, ó fi aṣọ funfun bo ògiri. Ó wá kan àga kan síbẹ̀, igi tó dára jù nínú ilé ló fi ṣe é, ó fi epo pa á títí ó fi ń dán. Ó ń kùn ní gbogbo ìgbà tó ń ṣe é. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ sọ pé inú ṣọ́ọ̀bù òun ni wọ́n ti ya èèyàn lórí àga tó ń mì.

Igun yẹn ni Sún-Sẹ́yìn-Díẹ̀ ti ya ọ̀pọ̀ nínú wa. Àwọn tó fẹ́ sọdá sí ìlú mìíràn jókòó síbẹ̀. Àwọn ìbejì jókòó síbẹ̀, ọ̀kan lórí ẹsẹ̀ kejì. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ nígbà yẹn, kò lè kígbe dé òdìkejì mọ́, káfíńtà ló ń gba ọ̀rọ̀ náà sọ. Yóò wo ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, yóò wá yíjú sí oníbàárà, yóò ní, "Ó ní kẹ́ ẹ ro ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn." Káfíńtà kan náà tí kì í sọ ọ̀rọ̀ dídùn fún pákó pàápàá.

Ikú dé bá onífọ́tò lórí ibùsùn, ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. A sin ín. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni opó rẹ̀ sọdá lọ bá káfíńtà. Ó ní òun wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, òun sì fẹ́ kó mọ̀ pé igun náà ti di tirẹ̀ padà, kó máa kó pákó rẹ̀ síbẹ̀. Káfíńtà ní ẹ ṣeun, ìyàwó wa, òun yóò ṣe é, pákó ni kò tíì dé. Pákó wà níta lẹ́yìn obìnrin náà, wọ́n tò ó jọ sínú oòrùn débi pé ó ti ń là. Obìnrin náà rí i nígbà tó ń wọlé bọ̀.

Ó jókòó sórí àga náà. Ó béèrè bóyá ọkọ òun tilẹ̀ dúpẹ́ rí fún gbogbo ohun tí káfíńtà ti ṣe fún un láti gbogbo ọdún wọ̀nyí.

Káfíńtà ronú. Ó wo ilẹ̀, ó wo òkè.

"Rárá," ló wí nígbà tó yá. "Ó ní àga náà ga jù."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, káfíńtà náà sì ń rẹ́rìn-ín, ó di ẹ̀gbẹ́ mú. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán nílẹ̀, obìnrin náà nu ojú rẹ̀, kò sì dìde. Káfíńtà lọ sẹ́yìn ilé, ó gbé àga mìíràn wá, ó sì jókòó tì í.